Yíyan Ohun Tí Alùpùpù Yóò Dúró Lé

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kí oòrùn tó ràn dáadáa, ìró alùpùpù ni etí ń gbọ́ káàkiri àdúgbò. Alùpùpù ni àgbẹ̀ ń gùn lọ sí oko. Òun ni ó ń gbé àpò ànàmọ́ bọ̀ wá sí ọjà Owódé. Òun ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń kó èrò láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, tí a fi ń pè wọ́n ní ọlọ́kadà. Ohun tí a bá ń lò tó báyìí kò lè ṣe kí ó má gbó. Ṣéènì ń gbẹ, bíréèkì ń jẹ, táyà ń jò, nọ́ọ̀tì ń tú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní alùpùpù ni ó máa ń ṣe àtúnṣe kéékèèké fúnra wọn ní ẹ̀yìnkùlé, láìjẹ́ pé wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ìwà tí ó dára ni èyí. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú nǹkan rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò tètè mọ ibi tí ó ti ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì ní máa ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wọn kì í rò títí aburú yóò fi ṣẹlẹ̀. Wọn a wá sípánà tí ó dára, wọn a wá ọ́ìlì tí ó dára, wọn a sì wá ṣéènì tí kò ní tètè já. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò gbé alùpùpù lé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohunkóhun tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo agboolé kan ní ìlú yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Táyà ẹ̀yìn alùpùpù bàbá ti jò, bàbá sì fẹ́ tú u. Sípíríìngì tí ó ń fa sítáǹdì àárín ti já láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti yọ sítáǹdì náà, wọn kò sì rántí láti ra òmíràn. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama sáré lọ gbé búlọ́ọ̀kù oníhò méjì wá láti ibi tí wọ́n ti ń mọ ògiri. Ó tò wọ́n léra, òun àti bàbá rẹ̀ sì gbé ìdí alùpùpù lé wọn lórí.

"Ṣé ó ti jókòó dáadáa?" ni bàbá béèrè.

"Ó ti jókòó, Bàámi," ni ọmọ náà dáhùn. "Mo ti mì ín wò. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Bàbá lóṣòó ti alùpùpù, ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì ńlá tí ó wà ní àárín táyà, ó sì fi gbogbo agbára fà á. Búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ là sí méjì láìfi àmì kankan hàn ṣáájú. Alùpùpù wó lu bàbá ní ojúgun, egungun sì ṣẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn èyí, bàbá kò lè lọ sí oko, owó tí wọ́n sì fi tọ́jú ẹsẹ̀ ju iye tí sítáǹdì tuntun ìbá ná wọn lọ́nà púpọ̀. Alùpùpù tí wọ́n ń tún ṣe kí ó lè máa bọ́ ilé ni ó wá sọ ilé di onígbèsè.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìgbọràn. Ohun tí ó bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé alùpùpù ti ga tó?" Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé ohun tí ó gbé e yóò lè mú un dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí?" Gbígbé nǹkan sókè jẹ́ iṣẹ́ kan, mímú un dúró sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ti mọ ìdajì ohun tí ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Bí ìdúró ti ń ṣòro fún alùpùpù

Alùpùpù kò lè dá dúró. Bí ó bá ń sáré, eré rẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tí ó gùn ún ni kò jẹ́ kí ó ṣubú. Bí ó bá ti dúró, àfi kí nǹkan mìíràn dì í mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí ti rí. Ní ọdún 1885, nígbà tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach fi ẹ́ńjìnnì sí ara kẹ̀kẹ́ onípákó kan ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n fi àgbá kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó má baà dojú dé. Láti ìgbà náà wá ni àwọn tí ó ń ṣe alùpùpù ti ń wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí yóò fi máa dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù kì í ṣe ohun tí ó fúyẹ́. Àwọn kékeré tí a ń rí lójú pópó ní Ọ̀fà, irú àwọn tí Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, wọ́n wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù; nítorí náà, ẹni tí ó bá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù tí kò dúró dáadáa dàbí ẹni tí ó lóṣòó sábẹ́ àpò símẹ́ńtì méjì tí ń mì. Àwọn alùpùpù ńláńlá tilẹ̀ ń ju 200 kìlógíráàmù lọ, èyí tí ó ju àpò mẹ́rin.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin láti inú ohun tí a mọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń yan sítáǹdì kò ní láti kọ́kọ́ lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀ lè kọ́ ọ.

Èkíní ni ààrò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tí ó bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn. Bí a bá tò wọ́n sí ojú kan, ìkòkò yóò yí dànù. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá gbé alùpùpù dúró, ó yẹ kí a lè fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí a sì bi ara wa pé, "Bí mo bá tú táyà yìí kúrò, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò lọ?"

Èkejì ni òṣùká. Nígbà tí obìnrin bá fẹ́ ru igbá ẹrù láti ọjà, ẹnì kan a máa bá a gbé e. Iṣẹ́ ẹni náà parí ní kété tí ẹrù bá ti jókòó sórí òṣùká. Kò sí ẹni tí yóò ní kí olùrànlọ́wọ́ náà máa na ọwọ́ sókè títí wọn yóò fi dé ilé. Jáàkì ni olùrànlọ́wọ́, sítáǹdì ni òṣùká. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Pàápàá jù lọ, jáàkì tí ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọwọ́ sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé.

Ẹ̀kẹta ni ìjàkadì, èyí tí a mọ Ọ̀fà mọ́ láti ayé àtijọ́. Ẹni tí ó bá ti wo ìjàkadì rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ajìjàkadì kì í pa ẹsẹ̀ pọ̀. Yóò ya ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò tẹ orúnkún, yóò sì mú ìdí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá nàró ṣánṣán, títì díẹ̀ yóò gbé òun ṣubú. Bákan náà ni ọ̀ràn rí fún sítáǹdì. Èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ sàn ju èyí tí ìdí rẹ̀ há lọ, èyí tí ó sì gbé alùpùpù ga níwọ̀n tí iṣẹ́ ń fẹ́ sàn ju èyí tí ó gbé e ga lásán. Bí táyà bá ti lè yí láìkan ilẹ̀, tí a sì lè yọ ọ́ jáde, gíga náà ti tó.

Ẹ̀kẹrin ni ojú irin. Ní ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti nà án síwájú tí ó fi gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ọmọ Ọ̀fà tí ó bá rìn dé ẹ̀bá ojú irin yóò rí i pé wọn kò tẹ́ irin náà sórí ilẹ̀ lásán. Wọ́n fi àwọn ìdábùú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ yí wọn ká, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tàn ká orí ilẹ̀ tí ó fẹ̀. Bí kò bá sí ìdábùú wọ̀nyí, irin ìbá rì. Ẹsẹ̀ sítáǹdì alùpùpù kéré, gbogbo ìwúwo sì ń bọ́ sórí rẹ̀. Ní àkókò òjò, nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bá rọ̀, ẹsẹ̀ náà lè máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí alùpùpù yóò fi dojú dé. Pákó pẹlẹbẹ kan tí ó nípọn, tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ni ìdábùú tirẹ̀.

Oríṣiríṣi ohun tí a fi ń gbé alùpùpù dúró

Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ ni ó kéré jù lọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, alùpùpù a sì máa fara tì í. Táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ yìí ni ó para pọ̀ di ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó wà fún ìgbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A lè dúró lórí rẹ̀ láti nu alùpùpù tàbí láti pààrọ̀ gílóòbù iná. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ tú táyà lórí rẹ̀ láé, nítorí pé bí táyà kan bá kúrò, ẹsẹ̀ méjì péré ni ó kù. Àwọn mìíràn a máa fa alùpùpù lé sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ kí táyà kan lè gbéra nílẹ̀. Àṣà burúkú ni, nítorí pé sítáǹdì náà lè tẹ̀, ó sì lè ká wọlé lójijì. A kò sì lè fi í wo ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nítorí pé alùpùpù tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò pa irọ́ fún ojú. Ìgbà tí alùpùpù bá nàró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni a lè mọ iye ọ́ìlì tí ó wà nínú rẹ̀.

Sítáǹdì àárín ni ọ̀rẹ́ ńlá fún ẹni tí ó ń ṣe àtúnṣe ní ilé. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tí ó ya síra wọn lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí a bá gbé alùpùpù lé e, táyà ẹ̀yìn sábà máa ń kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì náà àti táyà iwájú a sì di ààrò mẹ́ta. Lórí rẹ̀ ni a ti lè fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn láti fi ọ́ìlì sí ṣéènì, láti wò bí ṣéènì ti dẹ̀ tó, tàbí láti tú táyà náà kúrò pátápátá. Ọwọ́ ni kí a fi yí i. Ẹni tí ó bá tan ẹ́ńjìnnì tí ó sì ki jíà kí táyà lè máa yí nígbà tí òun ń nu ṣéènì ń wá ohun tí yóò gé e ní ìka.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra bí ó bá di ọ̀ràn táyà iwájú. Bí a bá tú u kúrò nígbà tí alùpùpù wà lórí sítáǹdì àárín, a ti yọ òkúta kẹta kúrò nínú ààrò nìyẹn. Alùpùpù lè fi imú balẹ̀. Kí a tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ìtì igi líle tí ó tẹ́jú ti abẹ́ irin férémù ní ìhà iwájú, kí ẹsẹ̀ kẹta mìíràn lè wà.

Bí a ti ń gbé alùpùpù lé sítáǹdì àárín náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó máa ń fi ọwọ́ fa ìdí alùpùpù sókè títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro wọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a di ọwọ́ alùpùpù mú ní òsì, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún di irin tí ó wà ní ẹ̀bá ìjókòó mú, kí a fi ẹsẹ̀ tẹ sítáǹdì títí a ó fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí a dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara wa. Ìwúwo ara ni yóò gbé alùpùpù; iṣẹ́ ọwọ́ kò ju kí ó máa darí rẹ̀ lọ.

Àwọn alùpùpù kan, pàápàá àwọn tí a ṣe fún eré sísá, kò ní sítáǹdì àárín. Fún irú wọn ni a ṣe sítáǹdì agbẹ́yìn, tí ó dàbí ọ̀pá gígùn tí ó ní ẹsẹ̀ méjì àti àgbá kéékèèké. A ń fi í sábẹ́ irin apá méjì tí ó di táyà ẹ̀yìn mú, a ó sì tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ kí táyà lè gòkè. Irú kan tún wà fún iwájú. Òfin pàtàkì kan ni pé ẹ̀yìn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé, kí a tó gbé iwájú. Ó sì dára kí ènìyàn méjì ṣe é pọ̀: kí ẹnì kan di alùpùpù mú nínàró, kí ẹnì kejì tẹ sítáǹdì.

Lẹ́yìn èyí ni jáàkì. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó ní mọ́tò ni ó ní jáàkì, àwọn ènìyàn a sì máa rò pé ohun tí ó lè gbé mọ́tò kò lè kùnà láti gbé alùpùpù. Òótọ́ ni pé agbára rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni ìṣòro, ìdúróṣinṣin ni. Mọ́tò ní táyà mẹ́ta mìíràn lórí ilẹ̀ nígbà tí jáàkì bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan. Alùpùpù kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, orí jáàkì mọ́tò sì há. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ lo jáàkì, kí a fi pákó líle tí ó fẹ̀ sí àárín òun àti alùpùpù, kí a gbé e díẹ̀, kí a sì ti sítáǹdì tàbí ìtì igi sábẹ́ férémù lójú ẹsẹ̀ kí jáàkì tó sinmi. Kí a kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo abẹ́ alùpùpù. Àwọn kan ní irin férémù tí ó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, ibẹ̀ sì ni kí a gbé. Àwọn mìíràn kò ní in. A kò gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbé páìpù èéfín, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ fi í ti ibi tí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wà, nítorí pé wọ́n lè fọ́.

Tábìlì agbéga ni ó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn. Odidi alùpùpù ni ó ń gbé sókè títí dé ọ̀gangan ìgbànú ẹni tí ń ṣiṣẹ́, kí ó má baà máa lóṣòó. Ọ̀pọ̀ wọn lè gbé ju 300 kìlógíráàmù lọ. Wọ́n ní ohun tí ń di táyà iwájú mú, wọ́n sì ní irin ìdènà tí a ń tì bọ ihò kí tábìlì má baà sọ̀ kalẹ̀ bí ọ́ìlì rẹ̀ bá jò. Ohun èlò tí ó dára ni fún ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, níbi tí alùpùpù mẹ́wàá ti lè wọlé lóòjọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó wúwo, ilẹ̀ kọnkéré tí ó tẹ́jú ni ó sì ń fẹ́. Ẹni tí ó ní alùpùpù kékeré kan ṣoṣo, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò nílò rẹ̀. Bí owó bá wà, kí ó fi tún sítáǹdì àárín ṣe, kí ó fi ra sípíríìngì tuntun, kí èyí tí ó kù sì wà fún táyà àti bíréèkì.

Àwọn ohun tí kò yẹ kí a lò

Búlọ́ọ̀kù oníhò ni àkọ́kọ́. Ohun tí a ṣe fún ògiri ni. Nínú ògiri, ìwúwo ń tẹ gbogbo ojú rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n irin férémù a máa tẹ ojú kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù a sì là lẹ́ẹ̀kan náà. Igi a máa ké kí ó tó ṣẹ́, irin a máa tẹ̀ kí ó tó kán, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Ìdí nìyí tí mímì tí ọmọ inú ìtàn wa mi alùpùpù kò fi tó. Mímì lè fi hàn pé nǹkan kò jókòó dáadáa. Kò lè fi hàn pé nǹkan yóò là.

Èkejì ni òkúta roboto, tí ó lè yí. Ẹ̀kẹta ni àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, pàápàá èyí tí oòrùn ti pa fún ìgbà pípẹ́, tí ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni igi àjà ilé. Àwọn mìíràn a máa so okùn mọ́ ọn láti fi fa iwájú alùpùpù sókè, ṣùgbọ́n páànù ni a ṣe ọ̀pọ̀ igi òrùlé láti gbé, a kò ṣe é fún àpò símẹ́ńtì méjì tí ń fì síwá sẹ́yìn.

Bí a bá gbé iṣẹ́ fún jórinjórin

Ohun tí ó mú inú ẹni dùn ni pé kò di dandan kí sítáǹdì ti òkè òkun wá. Àwọn jórinjórin wà káàkiri tí wọ́n lè fi páìpù irin ṣe èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gbé iṣẹ́ fún wọn mọ ohun tí ó ń béèrè. Kí ó mú alùpùpù náà lọ, kí wọ́n lè wọn gíga àti fífẹ̀ rẹ̀. Kí ó yan páìpù tí ara rẹ̀ nípọn, kì í ṣe èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí a ń fi ṣe àga. Kí ó ní kí wọ́n fi irin ìdábùú so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má baà ya lọ. Kí ó ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ra wò yí ká. Bí ihò bá wà níbẹ̀, tàbí bí ó bá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n jó, kí ó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ó sì kun ún ní ọ̀dà kí ó má baà dípẹtà.

Ìbéèrè mẹ́rin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ wọ̀nyí ni a lè kó jọ sínú ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní: iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe, táyà wo ni yóò sì kúrò nílẹ̀? Èkejì: níbo ni ara alùpùpù ti lè gba ìwúwo láìfọ́? Ẹ̀kẹta: irú ilẹ̀ wo ni mo wà, ṣé ó le, ṣé ó tẹ́jú? Ẹ̀kẹrin: bí ohun tí mo gbé e lé bá yẹ̀, kí ni yóò gba alùpùpù kí ó tó kan ara mi? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin kò tíì ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìtì igi kan tí a ti sábẹ́ férémù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàn án, lè gba ẹsẹ̀ ènìyàn là.

Ohun méjì mìíràn kù tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí a tú àwọn nọ́ọ̀tì tí ó le díẹ̀ nígbà tí táyà méjèèjì ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé fífà tí bàbá fa sípánà lórí búlọ́ọ̀kù ni ó mú kí ìwúwo yí padà lójijì. Bí táyà iwájú bá sì wà nílẹ̀, kí a fi rọ́bà tí a gé lára táyà àtijọ́ di ọwọ́ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, kí alùpùpù má baà yí kúrò lórí sítáǹdì.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó ń tún alùpùpù ṣe ń wo ṣéènì, ó ń wo bíréèkì, ó ń wo táyà. Ṣùgbọ́n kí ó tó wo ìkankan nínú wọn, kí ó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, kí ó wo ohun tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Iṣẹ́ tí a bá parí láìfarapa ni a lè pè ní iṣẹ́ tí ó parí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iṣẹ́ jáàkì àti iṣẹ́ sítáǹdì? Báwo ni àpẹẹrẹ òṣùká ṣe fi èyí hàn?
2. Èéṣe tí a kò fi gbọ́dọ̀ tú táyà nígbà tí alùpùpù bá wà lórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́?
3. Kí ni ẹni tí ń tẹ́ pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì lè kọ́ lára ojú irin?
4. Ọmọ inú ìtàn náà mi alùpùpù wò, síbẹ̀ ó wó. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀.
5. Kọ àròkọ kan lórí ohun èlò kan tí ẹ ń lò nílé, kí o sì sọ bí ènìyàn ṣe lè lò ó láìfarapa.